Igbá Ọwọ́ Òkungbadé

Nígbà tó ku wákàtí kan kí wọ́n ti Gbọ̀ngàn Àbá, àbá mẹ́ta ló ṣì pupa lára ògiri, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ ire fún àbúrò mi.

"Tísà, ẹ bá mi pa ti òkè yẹn," mo ní. "Èyí tó ní omi inú igbá á jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orókún."

Tísà Gbólágadé, tó ti kọ́ ọmọ ní ìṣirò fún ọgbọ̀n ọdún kó tó wọ ẹgbẹ́ wa, lọ síbi irin tí a máa ń fọwọ́ lé dá àbá. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e, ó sì sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì: "Omi tó wà nínú igbá ọwọ́ Òkungbadé, oró ni. Á jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dé orókún." Irin náà dún. Lára ògiri, àbá yẹn kúrò ní pupa, ó di àwọ̀ eérú. Ènìyàn méjì ti sọ ọ́ báyìí. Akọ̀tàn, ẹ̀rọ tó ń fi àbá wa kọ eré, kò ní fojú wò ó mọ́.

"Ó ku méjì," ni Tísà wí, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Èmi ti sọ tèmi. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Arábìnrin Ọ̀ṣínlóyè tẹ̀ lé e. Ó pa èyí tó ní Òkungbadé á di ẹja, wọ́n á sì yan án jẹ. Bó ṣe kúrò nídìí irin ló ń sunkún, torí ó fẹ́ràn Òkungbadé gan-an.

Báyìí la ṣe ń fẹ́ràn ènìyàn ní Òkè-Tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ kí nǹkan ṣe ọ́ á jókòó sílé, á fara balẹ̀ ronú ikú kan tí ẹnikẹ́ni kò rò rí, á wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì máa gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ ló máa tò láti òwúrọ̀, tí á máa pariwo pé ẹsẹ̀ rẹ á jẹrà.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ṣe é, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Gbogbo ẹni tó ń wo *Adé Iyọ̀* ló mọ orúkọ Ajádìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọ̀ pé èmi, Ìbíyẹmí tó ń ránṣọ ní Òpópónà Kejì, ni. Ẹni méje ni mo ti gbà là nínú eré náà. Ọ̀kan nínú wọn wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn, ó ń gbálẹ̀. Móríkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ṣe Olorì ní ọdún kejì, nígbà tí àwọn kan fẹ́ kí wọ́n sọ Olorì sí kànga. Èmi ni mo dá àbá pé, "Olorì kò ní tú àṣírí ọkọ rẹ̀ láéláé." Èmi nìkan ni mo sọ ọ́, Akọ̀tàn sì mú un. Wọn ò sọ Móríkẹ́ sí kànga. Ahọ́n rẹ̀ ni wọ́n gé. Mo kà á mọ́ àwọn tí mo gbà là. Ó wà láàyè, àbí kò sí láàyè?

Ìwé ni *Adé Iyọ̀* kó tó di eré. Ẹni tó kọ ọ́ ti kú kí òkun tó gbé Èkó lọ, kò sì parí rẹ̀. Ibi tó bá a dé ni ibi tí Ọmọba Òkungbadé ti gbé igbá sẹ́nu nínú ihò Abọrẹ̀ Òkun. Kí ló wà nínú igbá? Àwọn bàbá bàbá wa jiyàn rẹ̀ títí tí ọ̀rẹ́ fi ń bá ọ̀rẹ́ jà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, eré náà dé ojú ewé yẹn gan-an, àwòrán sì dúró: igbá wà lẹ́nu rẹ̀, omi díẹ̀ ti kán sí i lágbọ̀n. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń wo àgbọ̀n Òkungbadé. Èmi ń wo àpá kékeré tó wà níbẹ̀, tí Igbókọ̀yí, àbúrò mi, gbà lọ́jọ́ tó já bọ́ láti orí igi gúáfà.

Ẹ̀ṣẹ̀ àbúrò mi kò ju pé ó la ẹnu. Bàbá Adégẹ́yẹ, aládùúgbò wa, ń kú lọ ní ilé ìwòsàn, kò sì ní dúró rí òpin eré mìíràn tó ń wò. Ó bẹ Igbókọ̀yí, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń to àwòrán eré, pé kó jọ̀ọ́ kó sọ ọ́ fún òun. Igbókọ̀yí tẹ̀ ba, ó sọ ọ́ sí i létí. Ògiri ilé ìwòsàn gbọ́. Òfin Ìdákẹ́ sì wí pé ẹni tó bá tú òpin ìtàn, àwọn olùwòran ni yóò dá òpin tirẹ̀. Ogún ọdún ni wọ́n dá fún un. Wọ́n fi ojú rẹ̀ ṣe Òkungbadé, wọ́n sì kà á fún un pé ohun tí ojú olùwòran bá rí, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà á.

Àbá kan ló kù tó pupa: "Omi inú igbá á fọ́ Òkungbadé lójú, á sì máa táràrà kiri inú ihò títí ebi á fi pa á."

Mo ti ṣètò rẹ̀. Ohùn méjì ló ṣẹ́ kù fún wa. Ti Màmá á pa ti ìfọ́jú. Tèmi á gbé tiwa wọlé nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú kan: "Omi lásán ló wà nínú igbá. Òkungbadé mu ún, ó jáde, ó lọ." Òun nìkan ni yóò pupa lára ògiri. Akọ̀tàn kò ní rí òmíràn mú.

Akọ̀wé Ládèjọ ló mú Màmá wọlé, ó di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú bí ọmọ gidi. Òfin ló ní kí ìyá wá, kí ẹbí má baà sọ lọ́la pé àwọn ò lọ́wọ́ sí i.

"Màmá, ẹ rọra. Ẹ jókòó. Ṣé kí n bu omi fún yín?" ni akọ̀wé wí.

"Òùngbẹ omi yín ò gbẹ mí," ni Màmá wí. Ó jókòó, ó sì wo ògiri. "Ìbíyẹmí, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?"

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Màmá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni ẹ máa sọ. Ẹ ó fi ọwọ́ lé irin, ẹ ó ní, 'Òkungbadé á fọ́ lójú.' Tí ẹ bá ti sọ ọ́, ó ti kú nìyẹn. Ohun tí ẹni méjì bá sọ, ẹ̀rọ ò ní ṣe é."

"Ta ló máa fọ́ lójú?"

"Òkungbadé, Màmá. Orúkọ inú eré ni."

"Ojú ta ni wọ́n fi ń ṣe é?"

Mo wo aago.

"Mo ní ojú ta ni?"

"Ojú Igbókọ̀yí ni."

"Hẹn-ẹn." Ó tún ìró rẹ̀ ró. "Ẹnu tí mo fi ń pè é wá jẹun, òun lo fẹ́ kí n fi fọ́ ọ lójú."

"Ẹ ò fọ́ ọ lójú! Ẹ ń gbà á sílẹ̀ ni! Tí ẹ ò bá sọ ọ́, òun ló máa ṣẹlẹ̀!" Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí, aago sì ń lọ. "Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ ọ́ ní Igbókọ̀yí ni? Ẹ sin méjì ṣáájú rẹ̀, ẹ wá wá orúkọ burúkú fún ẹ̀kẹta, kí ikú má baà rí i fẹ́. Ohun kan náà ni mò ń ní kí ẹ ṣe."

"Kì í ṣe ohun kan náà." Kò pariwo. "Igbó la ní ó kọ̀ ọ́. A ò ní igbó gbà á. Ọ̀rọ̀ burúkú tí mo fi ti ilẹ̀kùn nìyẹn. Èyí tí ìwọ ń kọ́ mi yìí, ńṣe la fẹ́ fi ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ti ń ṣépè fún ohun tí ẹ fẹ́ràn pẹ́ débi pé ẹ ò mọ ìyàtọ̀ mọ́."

"Màmá, mo bẹ̀ yín."

"Bẹ Ọlọ́run."

Akọ̀wé Ládèjọ wúkọ́. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Kí n tó dìde lórí ìkúnlẹ̀, Màmá ti dé ìdí irin. Ó yọ gèlè rẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé irin tútù náà, ó sì dijú.

"Ọmọ mi," ó ní, "o ò ní kú ní kékeré."

"Màmá, ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ Òkungbadé," ni akọ̀wé wí jẹ́jẹ́.

"Òkungbadé, tàbí ohun yòówù tí ẹ bá ń pè é. Wàá dàgbà. Wàá darúgbó. Orí rẹ á funfun bí òwú. Wàá fi ọ̀pá rìn. Ọ̀dọ́ á máa kúnlẹ̀ kí ọ."

"Àmín!" ni gbogbo gbọ̀ngàn wí. Kò sẹ́ni tó ronú kó tó sọ ọ́. Àwọn tó wá láti Ìsàlẹ̀ Òkè pàápàá, tí wọ́n ti ń dá ikú fún Òkungbadé láti oṣù tó kọjá, ṣe àmín. Báwo ni wọ́n ṣe máa gbọ́ irú àdúrà yẹn lẹ́nu ìyá kí wọ́n má ṣe àmín?

"Àmín kì í ṣe àbá," ni akọ̀wé wí. "Ọwọ́ lórí irin nìkan là ń kà." Ó wo ògiri, ó sì fi ìka rọra tún lẹ́tà kan tò. Ọ̀rọ̀ Màmá ti jáde síbẹ̀ ní pupa: "Òkungbadé á dàgbà, á darúgbó, orí rẹ̀ á funfun, á fi ọ̀pá rìn."

Àbá pupa di méjì. Ìfọ́jú, àti àdúrà ìyá mi.

Ohùn kan ló kù, tèmi ni. Mo dúró sídìí irin, mo sì ń rò ó. Tí mo bá sọ ti omi lásán, pupa á di mẹ́ta, Akọ̀tàn á sì mú ọ̀kan nínú mẹ́ta bó ṣe wù ú. Ìfọ́jú lè jẹ́ ẹ. Tí mo bá pa ìfọ́jú, àdúrà Màmá nìkan ló máa ṣẹ́ kù. Ẹ̀rọ kò ní rí nǹkan mìíràn ṣe ju kó jẹ́ kí Òkungbadé pẹ́ láyé. Kí ló tún dára ju ìyẹn lọ? Ẹni tó máa darúgbó kò lè kú nínú ihò. Ẹni tó máa fi ọ̀pá rìn á kọ́kọ́ jáde. Mo tiẹ̀ jowú Màmá díẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wá àbá tó gún régé bẹ́ẹ̀, obìnrin tí kò wo eré náà rí ló wá fi ẹnu lásán sọ ọ́.

Ẹnì kan di ọrùn ọwọ́ mi mú. Móríkẹ́ ni. Ó ti ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó ń mi orí, ó ń nawọ́ sí ọ̀rọ̀ Màmá lára ògiri, ó sì ń fi ìka gún ọ̀fun ara rẹ̀ léraléra. Ohùn kan ń jáde lẹ́nu rẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀.

"Móríkẹ́, jọ̀ọ́, kì í ṣe ìsinsìnyí," mo ní. Mo rò pé ó fẹ́ kí n ṣàánú òun ni, ó sì máa ń ṣe mí bí ẹni pé ó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mi nígbàkígbà tó bá wò mí. Mo já ọwọ́ mi gbà. Ó tún dì í mú. Akọ̀wé ní kí ẹ̀ṣọ́ mú un jáde, wọ́n sì mú un jáde.

Mo fi ọwọ́ lé irin. "Omi inú igbá á fọ́ Òkungbadé lójú," mo ní, ketekete. Ó di eérú.

Lára gbogbo ògiri yẹn, ìlà kan ṣoṣo ló pupa. Tísà dì mọ́ mi. Arábìnrin Ọ̀ṣínlóyè ń jó. Inú mi dùn. Mo ní láti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí òtítọ́ ni: inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un.

Ní agogo mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ kejì, pálọ̀ wa kún. Àwọn aládùúgbò mú àga tiwọn wá. Màmá jókòó sáàárín, ó gbé àwo ẹ̀pà lé itan, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wo eré náà nìyẹn. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Òkungbadé gbé igbá, ó mu ún tán, ó ju igbá nù. Ó ṣubú. Èéfín bo inú ihò. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ kan jáde láti inú èéfín, ó di ara òkúta mú.

"Ó yè é!" ni Tísà pariwo. Gbogbo ilé hó. Wọ́n ń gbọn Màmá léjìká, wọ́n ní àdúrà rẹ̀ ti gbà. Màmá ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ sínú ẹ̀pà.

Ọwọ́ yẹn ni mò ń wò ní tèmi. Iṣan ti yọ lẹ́yìn rẹ̀. Awọ ara rẹ̀ ti hunjọ. Ó wá igi kan nílẹ̀, ó fi tilẹ̀, ó sì fi tipátipá dìde. Nígbà tó jáde sínú oòrùn, irun rẹ̀ funfun báláú. Ó la ẹnu láti pe ẹnì kan, eyín méjì péré ló wà níbẹ̀. Àpá sì wà lágbọ̀n rẹ̀, ó ti rì sínú awọ.

Ẹ̀rín Màmá kò tètè kúrò lójú rẹ̀. Ó wò, ó wò, ó ní, "Ta ni bàbá yìí?"

Lábẹ́ àwòrán, ọ̀rọ̀ àwọn olùwòran ń sáré kọjá láti gbogbo orílẹ̀-èdè: ó dùn o, kò sẹ́ni tó rò ó, ta ló dá èyí, ọlọ́gbọ́n ni o. Mo ka púpọ̀ nínú wọn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì.

Akọ̀wé Ládèjọ fúnra rẹ̀ ló kàn sí wa. Ó ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni wọ́n fi kún ọjọ́ orí Igbókọ̀yí, ní yàrá ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àti pé kò jẹ̀rora ju ọjọ́ kan lọ. Ó ní ìdájọ́ ogún ọdún rẹ̀ ti pé, ó sì ti lé, nítorí náà wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ó kí wa kú oríire.

Wọ́n gbé e wá ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, nínú ọkọ̀ ìjọba tí táyà rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Ọmọdébìnrin ilé kejì rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, bàbá." Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Nígbà tí arúgbó náà dé iwájú rẹ̀, orúnkún rẹ̀ tẹ̀ fúnra rẹ̀, bí orúnkún obìnrin tó ní ẹ̀kọ́ ṣe ń tẹ̀ níwájú àgbà.

"Màmá, ẹ dìde," ni àbúrò mi wí. "Èmi ni."

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Màmá jẹ́ ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta. Ó mú un wọlé, ó gbé e jókòó, ó ń fi ṣíbí bu ògì sí i lẹ́nu, torí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n jù láti di ṣíbí mú. Àwọn dókítà ti sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò lè gbà ju ọdún kan lọ. Mi ò tíì sọ ọ́ fún Màmá. Ó ti sin méjì.

Ó jẹ ògì náà tán. Ohùn rẹ̀ ti há, ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ̀rọ̀ kò yí padà, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí bọ́ọ̀lù dé.

"Wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ló dá a," ó ní. "Gbogbo ìlú dá ikú fún mi, ìyẹn ò dùn mí, mo mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó jókòó, tó fara balẹ̀, tó rò ó pé kí wọ́n gba gbogbo ayé mi, kí wọ́n sì ṣẹ́ èyí tó burú jù níbẹ̀ kù fún mi. Mo fẹ́ mọ ẹni yẹn. Àǹtí Ìbí, ẹ̀yin lẹ máa ń wà níbẹ̀. Ta ni?"

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Màmá.

"Èmi ni," mo ní, mo sì kúnlẹ̀.

Mo retí pé Màmá á sọ̀rọ̀. Mi ò sì fẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó ń wo ṣíbí nílẹ̀, kò mú un.

"Ẹ̀yin?"

"Mo rò pé..."

"Ẹ má ṣàlàyé." Ó fà á díẹ̀díẹ̀ kó tó lè dìde. Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó gbá ọwọ́ mi dànù. Ó fi ọ̀pá rìn wá síbi tí mo kúnlẹ̀ sí, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé mi lórí bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe. Kò wúwo rárá.

"Ìbíyẹmí," ó ní, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò dárúkọ mi ní gbígbẹ, láìsí Àǹtí níwájú, láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, "ìwọ náà á dàgbà. Wàá darúgbó. Orí rẹ á funfun. Wàá pẹ́ láyé títí, kò ní sẹ́nì kan lọ́dọ̀ rẹ."

Ẹnu Màmá ti là láti ṣe àmín. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó.